Afobìnrinṣààyò: àbá mi lórí ọ̀rọ̀ tí a ń wá

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín láti Abẹ́òkúta. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ láti ọjọ́ Ajé tí mo ti béèrè pé kí la ó máa pe obìnrin tó jẹ́ pé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń fẹ́. Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Ìbarà ní "obìnrin bí ọkùnrin" ti wà nílẹ̀, kí a kúkú lò ó. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní kí a fi "lẹ́sìbíàn" sílẹ̀ bó ṣe wà, pé tọmọdé tàgbà ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n fèsì, torí iṣẹ́ kan ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wa.

Àwa mẹ́rin la máa ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ àwọn fíìmù tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, kí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu náà lè wò ó. N kò ní dárúkọ àwọn mẹ́ta yòókù. Ẹ mọ òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2014, tó ka ìgbéyàwó obìnrin sí obìnrin àti ti ọkùnrin sí ọkùnrin léèwọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ibi tí ọmọbìnrin kan àti ìyá rẹ̀ wà nínú kíṣìnì. Ìyá ń bu ọbẹ̀, ó ní ṣé ọmọ òun kò tíì rí ẹni tó wù ú ni. Ọmọ ní òun ti rí i, ó ní ohùn onítọ̀hún dùn púpọ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò-orúkọ ti tú àṣírí pé obìnrin ni, ni ṣíbí bá já bọ́ lọ́wọ́ ìyá. A kọ ọ́ ní Yorùbá: "Ohùn rẹ̀ dùn." Ṣíbí já bọ́, ẹni tó ń wò ó kò mọ ohun tó já a bọ́. A yí gbólóhùn yẹn síwá sẹ́yìn títí iná fi lọ. Ìyá tó ni ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́, tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ló bá wa dá sí i láti ẹnu ọ̀nà: "Ẹ ò ṣe kọ ọ́ pé ohùn ọmọge náà dùn?" Ó parí. Ṣíbí rí ìdí tó fi já bọ́.

Nínú orin ṣá, ọ̀rọ̀ yí padà. "Ó" wa kò ya akọ, kò ya abo, ẹni tó bá ń kọrin "olólùfẹ́ mi" lè kọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá wù ú láì pa ọ̀rọ̀ kan dà. Obìnrin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin kò ní irú ibòòji bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń yin Ma Rainey, obìnrin olórin tó ti sọ ọ́ nínú àwo orin ní 1928, ní Amẹ́ríkà, pé obìnrin ni òun bá rìn, pé òun kò fẹ́ràn ọkùnrin. Lónìí, Tegan àti Sara ń bẹ, ìbejì láti Kánádà, tí àwọn méjèèjì fẹ́ràn obìnrin tí wọ́n sì ń kọ ọ́ lórin ní gbangba. Táyé àti Kẹ́hìndé! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, n kò lè jókòó.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ní ìlú tiwa níbí, ta la máa ń pè ní obìnrin bí ọkùnrin? Ẹfúnróyè Tinúbú tó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864 ni. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni, òun àti àwọn ìyá ọlọ́jà tó kọ owó orí títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Oríkì akin ni. Àwọn obìnrin inú fíìmù wa kò sì ṣe bí ọkùnrin. Ọ̀kan nínú wọn ń di gèlè tó fẹ̀ bí agboòrùn.

Ẹ̀gbọ́n, n kò lé lẹ́sìbíàn jáde. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì náà yá àlùfáà àti wòlíì lò, kò sì sí ẹni tó ń bi wọ́n nílé baba wọn mọ́. Orúkọ ìlú ni ọ̀rọ̀ náà pàápàá, láti ara Lesbos, erékùṣù ilẹ̀ Gíríìsì tí Sappho akéwì gbé. Ní 2008, àwọn ará ibẹ̀ kan lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n má baà fi pe àwọn obìnrin wọ̀nyí mọ́. Wọn kò jàre. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ sinimá àgbéléwò wa, ẹnu ẹni tó ń fẹ̀sùn kanni la ti ń gbọ́ ọ. Ẹ̀dá ìtàn wa kò lè fi sọ pé "èmi nìyí" kí ó má dà bí ẹni ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Wanuri Kahiu, ará Kẹ́ńyà, ṣe fíìmù kan ní 2018 tó pè ní Rafiki, ìyẹn "ọ̀rẹ́" lédè Swahili, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni àwọn tó ń fẹ́ra wọn bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wọn máa ń pe ara wọn níwájú èèyàn. Ìjọba fòfin dè é; ilé ẹjọ́ wá yọ̀ǹda ọjọ́ méje péré kí wọ́n wò ó ní Kẹ́ńyà, àwọn èèyàn sì tú jáde. Mo mọ ohun tó wà nínú "ọ̀rẹ́" yẹn. N kò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló kù fún wa.

Àwọn olólùfẹ́ eré kì í dúró de onímọ̀ èdè. Àwọn tó fẹ́ràn Clarke àti Lexa, obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn nínú eré amóhùnmáwòrán Amẹ́ríkà kan, so orúkọ méjèèjì pọ̀, ó di Clexa. Nígbà tí wọ́n pa Lexa nínú eré náà ní 2016, wọ́n fi ìbànújẹ́ wọn dáwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú ìnira, ní 2017 wọ́n sì fi orúkọ yẹn pe àpéjọ ńlá ní Las Vegas. Olólùfẹ́ kan náà la fi ń pe àwọn yìí àti ẹni tí à ń fẹ́; mo fẹ́ràn kó rí bẹ́ẹ̀.

Àbá mi ni afobìnrinṣààyò: ẹni tó fi obìnrin ṣe ààyò. Ààyò ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ibùsùn. Ọ̀kan nínú wa ti mú "abofẹ́bo" wá. Ó kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n abo ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ẹ ó ní ọkùnrin náà ń fi obìnrin ṣààyò. Òótọ́ ni. Aláròyé tí kì í jẹ́ kí ẹnìkejì fọhùn, ṣé asọ̀rọ̀mágbèsì kọ́ lòun náà? Síbẹ̀ rẹ́díò lọkàn yín lọ. Fóònù ń mú ohùn, ó ń mú àwòrán, kò gba amóhùnmáwòrán lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kan, Pamela Adie sì gbé e jáde, lórí obìnrin méjì tí ìfẹ́ wọ àárín wọn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un, mo sì sunkún ayọ̀. Àmọ́ Ìfé ni wọ́n kọ: àmì ohùn pé, àmì abẹ́ ẹ ni kò sí. Tiwa náà lè ṣìnà bẹ́ẹ̀. Bí a bá jẹ à kan nù, tí àmì sì bọ́ lórí èkejì, ààyò di ayò, a ti sọ obìnrin di ọmọ ayò inú ọpọ́n. À méjì ni, pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí wọn. Mo ti kọ ọ́ sí ìlà 212 nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ fíìmù wa báyìí. Bàbá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.