Ṣé mo lè gbé Windows inú laptop mi àtijọ́ sínú òmíràn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti ń báwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Laptop tí mo fi ń ṣe é já bọ́ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ fọ́ yángá. Mo ti ra tòkunbọ̀ kan, àmọ́ òfìfo ni wọ́n tà á fún mi, kò sí Windows nínú rẹ̀. Windows 10 tó wà nínú ti àtijọ́ kì í ṣe ayédèrú, láti ilé iṣẹ́ ló ti bá a wá. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n mú ₦15,000 wá, òun á yọ hard disk rẹ̀ sínú tuntun, ó parí. Àbúrò mi ní òfin ò gbà á. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ọmọ Aláró: Ẹ jẹ́ ó yọ ọ́ jàre. Ta ló fẹ́ wá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá?

Adétúnńṣe: Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, mà. Ẹ tan ti àtijọ́, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ slmgr /dli. Àpótí kékeré kan á yọ. Ẹ wo ohun tó ṣáájú "channel" níbẹ̀, bóyá OEM ni, ìyẹn èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́, tàbí Retail. Ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ lè ríran.

Ìyá Ìbejì: Tipátipá ni mo fi gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. OEM_DM ló wà níbẹ̀.

Adétúnńṣe: Hẹn-ẹn, OEM náà nìyẹn. Microsoft ò gbà kí OEM fi ẹ̀rọ tó bá wáyé sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta laptop, ó bá a lọ. Tí laptop bá kú, wọ́n jọ kú ni. Inú motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) ni wọ́n sì kọ product key (nọ́ńbà àṣẹ) rẹ̀ sí, kò sí nínú hard disk tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn. Ó lè tan lóòótọ́, àmọ́ "Activate Windows" ni yóò máa fi ojú kọ̀ǹpútà ṣe ilé. Retail téèyàn dá rà lọ́tọ̀ ló ṣeé gbé kiri, orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, téèyàn bá ti yọ ọ́ kúrò lára ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Jámánì: Lọ́dọ̀ wa níbí, ilé ẹjọ́ gíga ti dá a láti ọdún 2000 pé wọ́n lè ta OEM láìsí kọ̀ǹpútà. Ní 2012, ilé ẹjọ́ Yúróòpù tún sọ nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle pé èèyàn lè ta sọ́fítíwia tó ti lò, tó bá ti pa ti ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́.

Adétúnńṣe: Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹjọ́ ò lè mú key inú motherboard fẹsẹ̀ rìn. Ìyá Ìbejì, ohun tẹ́ ò bèèrè ló wà lọ́kàn mi: tó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ni wọ́n fi gbé tòkunbọ̀ yẹn jáde, àfàìmọ̀ kó má ní key tiẹ̀ nínú. Ẹ lọ wa Windows 11 lórí ìkànnì Microsoft fúnra wọn, torí wọ́n ti dẹ́kun àtúnṣe fún 10 láti October 14, 2025. Ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣáà rí i pé irú Windows tẹ́ ẹ fi sí i bá ti key náà mu, Home sí Home, Pro sí Pro.

Ìyá Ìbejì: Ó ti kọ "Active" o! Dátà nìkan ló jẹ owó mi. Ẹni tó ń tún un ṣe ti pè lẹ́ẹ̀mejì, mi ò tíì gbé e.