Òkúta orí kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná wa dá sí méjì níbi síńkì: ṣé ó ṣeé tún lò?

Ìbéèrè (láti Ẹbúté Mẹ́tta)

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Òkúta gíráníìtì dúdú ni a fi tẹ́ orí kábíńẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná wa láti ọdún 2016. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan níwájú síńkì, níbi tí òkúta náà kò ti fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, nígbà tí ó sì fi máa di ọjọ́ kejì, ìlà náà ti gba ẹ̀yìn síńkì dé ara ògiri. Ẹnikẹ́ni kò gbé ohun tó wúwo lé e o. Ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń gúnyán. Bíríkìlà tó wá wò ó ní òun yóò fi símẹ́ńtì funfun dí i, káfíńtà sì ní kí n lọ ra tuntun. Ìyókù òkúta náà kò lábùkù, owó tuntun kò sì sí nílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Èsì kìíní (oníṣẹ́ òkúta, Orílé)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi símẹ́ńtì funfun sí i: àlàfo àárín táìsì ló wà fún, kò lè so òkúta pọ̀. Ṣùgbọ́n kí á tó sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí kábíńẹ́ẹ̀tì abẹ́ síńkì, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ pákó etí rẹ̀. Bí ó bá rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Òkúta lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá rì ní apá kan, ibi tó tín-ín-rín jù ni yóò ti dá.

Bí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gé sílíkónì tó so ó mọ́ ògiri. Òkúta tó gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2, yóò tó nǹkan bíi kílò 78, nítorí náà, ènìyàn púpọ̀ ni kí ó gbé e. Kí wọ́n gbé e dúró lórí etí rẹ̀, bí àwọn onígíláàsì ti ń gbé gíláàsì, nítorí pé bí wọ́n bá gbé e ní ìdùbúlẹ̀, yóò tún dá níbòmíràn.

Gọ́ọ̀mù epoxy tó máa ń wà nínú agolo méjì ni ẹ óò lò. Ẹ fi acetone gidi nu ojú tó dá náà, kì í ṣe ti àwọn tó ń kun èékánná, torí òróró máa ń wà nínú tiwọn. Kí òkúta gbẹ dáadáa, pàápàá ní àsìkò òjò Èkó yìí. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò láìsí gọ́ọ̀mù bóyá ó bára mu, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú méjèèjì pọ̀. Tí gọ́ọ̀mù tó yọ sókè bá ti dì bí ẹ̀kọ tútù, tí kò tíì le, ẹ fi abẹ há a kúrò, kí ẹ sì fi òkúta náà sílẹ̀ fún wákàtí 24.

Èsì kejì (Súrùlérè)

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù nìkan kò tó níwájú síńkì. Wọ́n máa ń la ojú ọ̀nà sí abẹ́ òkúta, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀pá irin sínú rẹ̀. Irin lásán ni wọ́n fi sí tèmi. Omi dé ibẹ̀, irin dípẹtà, ó wú, ó sì tún la òkúta náà láti inú wá. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ ní kí wọ́n lò. Omi ni kí wọ́n máa fi gé e, ní ìta, nítorí eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìlà náà yóò sì hàn díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Olùbéèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì wọlé ṣìn-ìn. Páìpù abẹ́ síńkì ló ti ń jò sí i díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé a mọ̀. Pákó wo ni kí káfíńtà fi rọ́pò rẹ̀?

Èsì kìíní

Kí púlọ́ńbà kọ́kọ́ dí páìpù náà ná. Lẹ́yìn náà, kí káfíńtà fi igi gidi kan férémù yí ibi síńkì ká, kí férémù náà lè gba ìwúwo síńkì, kí ó má baà fà lórí òkúta. Kí wọ́n fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo gbogbo orí kábíńẹ́ẹ̀tì láti igun dé igun kí òkúta tó padà sórí rẹ̀. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba abẹ́ òkúta kọjá, ẹ ní kí wọ́n tẹ pákó pẹlẹbẹ sí i.