Ẹja omi iyọ̀ mi ń ṣàìsàn, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe táńkì ìtọ́jú lọ́tọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Houston:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Mo ní táńkì omi iyọ̀ gálọ́ọ̀nù 75, òkúta àti coral wà nínú ẹ̀, blue tang kan, clownfish méjì àti goby kan ló ń gbébẹ̀. Láti àárọ̀ àná ni mo ti ń rí nǹkan funfun wínníwínní lára tang yẹn, àfi bí ẹni bu iyọ̀ wọ́n ọn lára, ó ń fi ara ha òkúta ṣáá, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó kù ṣì ń jẹun dáadáa o. Ẹni tó ta ẹja fún mi ní kí n da oògùn kọ́pà sínú táńkì ńlá yẹn tààrà, ẹlòmíì ní kí n ra táńkì kékeré kí n yọ tang nìkan síbẹ̀. Èwo ni kí n ṣe báyìí? Tó bá sì jẹ́ táńkì lọ́tọ̀ ni, kí ni mo máa kó sí i, ṣé kí n bu yanrìn díẹ̀ sí i kí ara lè tù ú? Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

BàbáẸja:
Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má da kọ́pà sínú táńkì ńlá yẹn o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Á pa coral, á pa ìgbín, á pa edé, òkúta àti yanrìn á sì tún fà á mu débi tí ẹ ò ní mọ iye tó kù nínú omi mọ́.

Ohun tí ẹ sọ yìí jọ ich omi iyọ̀, àìsàn tí kòkòrò kan ń fà, Cryptocaryon irritans lorúkọ kòkòrò ọ̀hún, blue tang ló sì tètè máa ń kó o jù. Àmọ́ tang nìkan kọ́ lẹ máa yọ o, gbogbo ẹja pátá ni. Kòkòrò yẹn, tó bá ti jẹun yó lára ẹja fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje, á já bọ́, á lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí yanrìn, á sé ara ẹ̀ mọ́ inú èépá líle, ibẹ̀ ló ti máa pọ̀ sí i títí àwọn ọmọ ẹ̀ á fi tú jáde tí wọ́n á máa wá ẹja kiri. Àwọn ọmọ yẹn, bí wọn ò bá rí ẹja láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n kú nìyẹn, èépá ló lágídí, òmíì máa ń pẹ́ gan-an kó tó bẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ní kí táńkì ńlá wà láìsí ẹja kankan fún ọjọ́ 76. Ẹ bá fi clownfish sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ ni.

Táńkì ìtọ́jú yẹn ò le rárá. Gálọ́ọ̀nù 20 sí 40, bí tang yẹn bá ṣe tóbi tó. Kò sí yanrìn, kò sí òkúta, gíláàsì lásán ni ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fi hítà sí i, kí omi wà ní 25 sí 26 °C, iyọ̀ ẹ̀ kó bá ti táńkì ńlá mu, 1.025 lórí ohun tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi. Fílítà onífóòmù tó ń tú afẹ́fẹ́ dáadáa, ẹ má fi carbon (èédú fílítà) sí i torí á fa oògùn jáde. Ìdérí, kí wọ́n má bàa fò síta. Kí ẹ wá ra ọrùn páìpù PVC funfun táwọn plọ́ńbà ń lò, ẹ jù ú sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa rí i bí tang ṣe máa ki orí bọ inú ẹ̀ tí ara ẹ̀ á sì wálẹ̀.

Tóbi_Lekki:
Òótọ́ ni bùrọ̀dá sọ. Kí n fi kún un: ẹ ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì. A mọ̀ ọ́n ní Èkó níbí, bí iná bá lọ, inú táńkì kékeré ni atẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ tán, ẹ̀yin náà sì rí ohun tí ìjì Beryl ṣe fún iná Houston ní 2024. Àwọ̀n àti bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá lò níbẹ̀ ò gbọdọ̀ dé táńkì ńlá mọ́, ẹ gbé méjèèjì jìnnà síra wọn, omi tó ta pàrà lásán lè gbé àìsàn yìí dá padà.

Àbẹ̀kẹ́_Houston:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Kọ́pà yẹn ńkọ́, èló ni mo máa dà sí i? Mo ní oògùn tó ń pa ammonia, májèlé tó ń ti ara ẹja jáde sínú omi, nílé, ṣé kí n lò ó pọ̀ mọ́ ọn?

BàbáẸja:
Háà, rárá o! Ọ̀pọ̀ nínú oògùn ammonia yẹn, tó bá pàdé kọ́pà, ó máa ń sọ ọ́ di májèlé fún ẹja. Ammonia bá gòkè, ẹ pààrọ̀ omi, kẹ́ ẹ sì ti po kọ́pà sínú omi tuntun náà kẹ́ ẹ tó dà á sí i kó má bàa dín kù.

Tó bá jẹ́ oògùn kọ́pà tí wọ́n ń pè ní Copper Power lẹ rà, 2.0 sí 2.5 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan) lẹ̀ ń wá, ẹ má dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ rọra gbé e gòkè fún bí ọjọ́ méjì. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n, ẹ ra ẹ̀rọ Hanna tó ń ka kọ́pà, HI702. Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni, ó bá sì wálẹ̀ ju 2.0 lọ ní ọjọ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà lákọ̀tun. Tí kòkòrò yẹn bá ti wọ ara ẹja tàbí tó bá ti wọ èépá, kọ́pà ò ràn án, ìgbà tó bá ń wẹ̀ kiri nìkan ni ọwọ́ ẹ̀ ń tó o, torí ẹ̀ ló ṣe pẹ́.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù, mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn. Tí funfun yẹn bá kúnná lẹ́búlẹ́bú, tí kò sì jẹun mọ́, velvet ni, àìsàn kòkòrò míì, ìyẹn kì í dúró dọ̀la. Ẹ pa iná aró táńkì, ẹ tan iná funfun sí i, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wá ká rí i nísinsìnyí.