Tranexamic acid (oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ dídà kù) fún ẹni tí ọ̀kadà gbá: ìgbà wo ló pẹ́ jù?

Nọ́ọ̀sì Pàjáwìrì: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tó dé lẹ́yìn wákàtí 4, ṣé a ṣì lè fún un?

Dókítà Abẹ: Rárá o. Ìwádìí ńlá lórí oògùn yìí, CRASH-2 ti 2010, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé láàárín wákàtí 3 ló ń gbẹ̀mí là. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè dá kún ewu. Gíráàmù 1 fún ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà gíráàmù 1 nínú dírípù fún wákàtí 8.

Ọ̀gá Wọ́ọ̀dù: Ẹ má sáré tì í wọlé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Aago ìjàm̀bá ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe aago tó dé ọ̀dọ̀ yín. Oògùn náà kò sì lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti já o: ẹ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pinpin, kẹ́ ẹ pe oníṣẹ́ abẹ.