Èsì: “Awowé” kọ́ o, “awòwé” ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtijọ́.

Mo ka ìtọ́nà tí Bọ̀dá wa ará Ìbàdàn fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, lórí bí èèyàn ṣe ń mú ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán ìwé sínú kọ̀ǹpútà (scanner) ṣiṣẹ́ pẹ̀lú GIMP, ètò tí a fi ń tún àwòrán ṣe, lórí Linux. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwa mélòó la lè fi Yorùbá ṣàlàyé SANE, ètò tó ń bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, láti òkè délẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn? Ṣùgbọ́n “awowé” tí ẹ pe ẹ̀rọ náà! Ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ló jẹyọ, ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún ló gún mi létí.

Àlàyé tí ẹ ṣe ni pé “wò” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀, pé bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti jẹ́ àbọ̀ fún un, ohùn rẹ̀ á di ti àárín: “wo ìwé”. Ta ló ń jiyàn ìyẹn? Ìpajẹ tí ẹ ṣe tẹ̀lé e ni mo ń bá jà. Fáwẹ́lì ni ìpajẹ ń pa. Ohùn orí “ì” kì í bá a kú, ó gbọ́dọ̀ ríbi jókòó sí. Ẹ wo “akọ̀wé”. “Kọ” tí a fi ń kọ lẹ́tà, olóhùn àárín ni látilẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀ tí a ní ó kọ̀. Níbo wá ni ohùn ìsàlẹ̀ tó wà láàárín “akọ̀wé” ti wá, bí kò bá ṣe lára “ìwé”? “Awòran” ńkọ́? “Awòràwọ̀” ńkọ́? Kódà nínú “jíwèéwò”, ohùn òkè “jí” kò gbà kó jókòó ti òun, ló bá kọjá síwájú, ó sọ “wé” di “wèé”. Ohùn tó lẹ́sẹ̀ tó báyẹn lẹ wá sin láàyè.

Mo fura pé ara “awakọ̀” lẹ ti wò ó kọ. Ṣùgbọ́n ohùn àárín ló bẹ̀rẹ̀ “ọkọ̀”, kò lóhùn ìsàlẹ̀ tó fẹ́ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

(Mo mọ̀ pé Màmá wa tó wà ní London á tún ní “awòwé” ń dún bí ọmọ tó ń jíwèé wò nínú ìdánwò. Mà, a ti gbọ́. Ẹ̀rọ yìí ń tan iná sí ìwé kó tó wò ó. Olè wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?)

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kàn ń ṣàríwísí látorí àga, mo tẹ̀lé ìtọ́nà náà lálẹ́ Sátidé. Mo tẹ sane-find-scanner, ó ní òun rí nǹkan. Mo tẹ scanimage -L, ó ní kò sí. Bọ̀dá, “rí” lẹ fi túmọ̀ èsì méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Ti àkọ́kọ́ rí i pé nǹkan kan wà lẹ́nu okùn USB, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ìkejì ń wá ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà láàárín àwọn tí orúkọ wọn wà nínú /etc/sane.d/dll.conf. Èèyàn lè rí àlejò lẹ́nu ọ̀nà kó má dá a mọ̀. Nítorí “kò rí i” tí ẹ kọ, odindi 40 ìṣẹ́jú ni mo fi ń tú okùn, tí mo ń so okùn. Ìgbà tí mo fi sudo (àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà) ṣáájú scanimage ló dá a mọ̀ wàrà. Ọ̀ràn ìyọ̀ǹda ni: orúkọ mi kò sí nínú ẹgbẹ́ scanner. Mo fi usermod -aG sọ ara mi di ọmọ ẹgbẹ́, mo jáde, mo tún wọlé, ó tán.

Ẹni tó gbọ́ èdè ẹ̀rọ yẹn, ògbufọ̀ ni mo máa pè é. Ẹ̀yin pè é ní “awakọ̀”, torí “driver” tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọkọ̀ wo ló ń wà?

Ẹ tún ní ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá láti 1989. Mo kí yín. Bàbá mi náà kọ́ni, ní Iléṣà. Kì í jẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìjẹ́ pé a kọ ọ́ lórin ná. “Akọ̀wé”: re-dò-mí. Ẹ fi “awowé” yín kọrin kí n gbọ́: re-re-mí. Ta ni yóò gbè é?

Lẹ́tà bàbá mi kan ti 1968 ni mo gbé sórí gíláàsì awòwé náà. “Aiye” ló ṣì ń kọ nígbà yẹn, “enia”, “nwọn”, nítorí àkọtọ́ 1974 kò tíì dé. Kì í fi àmì ohùn sí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé àmì abẹ́ “ẹ” àti “ọ” láé. Mo ṣí XSane, ojú fèrèsé tí a ti ń darí ẹ̀rọ náà, láti inú GIMP. Lineart (dúdú àti funfun nìkan) ló wà, ní 150 dpi, ìyẹn iye ẹ̀kán tó ń kà nínú ínǹṣì kan. “Ọjọ kẹta” jáde ní “Ojo kẹta”, mo sì ń wá òjò nínú lẹ́tà tí kò sọ̀rọ̀ òjò. Mo yí i sí Gray (tó ń mú àwọ̀ eérú náà), 300. Àmì wọ̀nyẹn padà, tíntìntín bí orí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan wá yọjú lábẹ́ “o” àkọ́kọ́ nínú “owo”. Ṣé owó ni, àbí ọwọ́? Mo fi aṣọ nu gíláàsì, ó lọ. Eruku ni.

Àbúrò wa tó ń kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ dábàá “adàwékọ”. Ohùn rẹ̀ péye, mo júbà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni mi ò fara mọ́: kí la ó wá pe ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì?

Bọ̀dá, mo ti fi sed, àṣẹ tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, yí “awowé” inú fáìlì yín padà. Mọ́kànlá péré ló kọ́kọ́ mú, torí níbì kan ẹ tẹ “é” ní odidi, níbòmíràn ẹ tẹ “e” kí ẹ tó gbé àmì lé e. Ó ti pé mọ́kàndínlógún báyìí. N kò fọwọ́ kan “awakọ̀”. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.