Coolant Corolla mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará. Mo bi yín bóyá mo lè bu coolant (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) aláwọ̀ ewé lé aláwọ̀ pupa tó wà nínú Corolla mi, nítorí ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òkè-Fìà. Ó ti yanjú. Fáànù ń ṣiṣẹ́. Hóòsì ìsàlẹ̀ ló ń jò, a sì ti pààrọ̀ rẹ̀.

Mẹkáníìkì mi níbí ní Òṣogbo kò jẹ́ ká pa méjèèjì pọ̀, òótọ́ ló sọ. Àwọ̀ kò fi irú coolant hàn. Ìwé mọ́tò ni kí ẹ wò. Toyota fẹ́ èyí tí kò ní silicate (èròjà kan tí àwọn coolant mìíràn fi ń dènà ìpẹtà). Bí irú méjì bá pàdé, agbára tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà lè dínkù, nígbà mìíràn ó máa ń ki bí ẹ̀kọ nínú rédíétọ̀.

A da ti tẹ́lẹ̀ nù, a ṣan inú rẹ̀, a wá po ògidì coolant mọ́ distilled water (omi tí kò ní èròjà ilẹ̀ nínú), ìdajì sí ìdajì. Omi kànga tàbí bọ́ọ̀hóòlù? Rárá o! Èròjà ilẹ̀ inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. A ò ní òtútù tó lè mú omi dì di yìnyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpòpọ̀ yìí kì í tètè hó bí omi lásán tó ń hó ní 100°C. Èyí tí wọ́n ti pò láti ilé iṣẹ́ kò gba omi mọ́.

Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ gbé èyí tí ẹ dà nù jìnnà sí ọmọdé àti ajá: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Mo ti ìbéèrè mi báyìí.