Ṣé ó yẹ kí onílé ní ìbọn?

Ará Aké: Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, olè fọ́ ilé aládùúgbò mi, mo sì ń rò ó láti ra ìbọn. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Lísàbí: Òfin ìbọn ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, títí kan ṣakabùlà àwọn ọdẹ. Abala 33 ìwé òfin 1999 fàyè gba gbígbèjà ara ẹni, ṣùgbọ́n agbára tí a bá lò kò gbọdọ̀ ju bí ọ̀ràn náà ṣe gbà lọ. Ẹni tí ó yìnbọn fún olè tí ó ti ń sá lọ lè rojọ́ ní kóòtù.

Ìyá Ìtòkú: Ọmọdé mẹ́ta wà nílé mi, n kò lè gbà á. Ọdẹ àdúgbò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ará Aké: Ẹ ṣé, mà. Owó ọdẹ ńkọ́?